Àmín Tí A Ṣe Lọ́dọ̀ Atẹ̀wé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kíkọ ìwé ìròyìn ló le, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti wá atẹ̀wé rí. Kíkọ kò le. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kọ tiwa lórí tábìlì oúnjẹ, nínú ilé tí mo háyà ní Agbowó, tí ọmọ ń ké lápá kan, tí ẹ̀wà ń jóná lápá kejì. Ìgbà tí ó wá ku ẹni tí yóò bá wa tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì gbé e dé ọwọ́ àwọn tí a kọ ọ́ fún, ìgbà yẹn ni ojú wa rí màbo.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ọ̀rẹ́ mi yìí, nọ́ọ̀sì ni. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè é. Òun ń pè mí ní Tíṣà. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Mùsùlùmí ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi ń lọ, ìyẹn kò sì dí wa lọ́wọ́ ohunkóhun. Ẹgbẹ́ ni wá. A máa ń bú ara wa, a máa ń jẹun pọ̀, bí ó bá sì se ọbẹ̀ tó dùn, àwo tèmi ló máa ń kọ́kọ́ bù kí ó tó bu ti ọkọ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Àwọn ìyá ọmọ máa ń gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wá, Ìyá Ìbejì á sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, wọ́n á tún padà dé, pé ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ṣé iyọ̀ ni ẹ ní kó pọ̀ ni àbí ṣúgà? Inú á bí ọ̀rẹ́ mi, á wá bá mi rojọ́. Ní ọjọ́ kan, mo ní kó máa sọ ọ́ kí n máa kọ ọ́. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ìwé ìjọba tó máa ń pàṣẹ fún èèyàn. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a pín in. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin tí a ò mọ̀ rí fi ń wá láti Apete, tí wọ́n ń béèrè pé ṣé ti ikọ́ náà wà, ṣé ti eyín híhù wà. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ti dé o." Ó ní, "Iṣẹ́ wo?" Mo ní ìwé ìròyìn ni, ti àwọn ìyá ọmọ, ní èdè Yorùbá, kó máa jáde lóṣooṣù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú bírò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Lásìkò yẹn, ńṣe ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ́ lọ sí Sáúdí. Ẹ óò gbọ́ pé lágbájá ti lọ, tàmẹ̀dù ti lọ, a kò sì ní dá wọn lẹ́bi, nítorí gbogbo wa la mọ bí ìlú ṣe rí. Ọkọ Ìyá Ìbejì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ náà lọ. Ọsibítù kan níbẹ̀ ti gbà á, ìdáhùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló sọ fún mi, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó ní, "Tíṣà, tí a bá rí atẹ̀wé kí Iléyà tó dé, n ò lọ mọ́. Màá sọ fún ọkọ mi pé mo ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Tí a ò bá rí, ìwọ náà mọ̀ pé n ò lè jókòó lásán."

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí òfin. Mo fẹ́ràn ìwé ìròyìn wa, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ràn jù. N ò ní àbúrò obìnrin, n ò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Tí ó bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá jà? Láti ọjọ́ náà, atẹ̀wé yòówù tí mo bá rí, ohun tí mò ń wò lára rẹ̀ ni bóyá ó lè yára.

Bódìjà la kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà kò dàgbà jù wá lọ, ìdí nìyẹn tí n ò fi ní máa pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú. Ilé alájà kan ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀ débi pé Ìyá Ìbejì tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo èjìká. Yorùbá la fi kí i, òyìnbó ló fi dá wa lóhùn. Kò burú. Ó gba ẹ̀dà iṣẹ́ wa, ó ń ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń mi orí. Ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó ní òun ní ọkọ̀ tó ń gbé ìwé lọ sí ilé ìtàwé káàkiri, láti Ìbàdàn títí dé Àkúrẹ́. Ó mú àwọn ìwé tó ti tẹ̀ sẹ́yìn hàn wá. Háà! Ìwé tó ń dán! Àwọ̀ pupa rẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ọkàn mi ti lọ.

Ó wá ní nǹkan méjì péré ló kù. Àkọ́kọ́, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Èkejì, kí àwòrán obìnrin olókìkí kan wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó wọ léèsì, tí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tìtorí rẹ̀ rà á.

Ìyá Ìbejì ní, "Ọmọ ńkọ́, sà? Ìwé ọmọ ni."

Ó ní ọmọ lè wà nínú, lápá ẹ̀yìn. Ó ní kí a lọ máa bọ̀, òun máa ránṣẹ́ sí wa.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní atẹ̀wé nìyí. Ìyá Ìbejì ní, "Tíṣà, ìyá ọmọ tó wá láti Apete, nígbà wo ló wọ ilé ìtàwé gbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́."

Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀.

Òun ló mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Alàgbà ìjọ kan ni, bàbá arúgbó, irun orí wọn ti funfun tán. Ring Road ni ilé ìtẹ̀wé wọn wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, bí o kò bá béèrè, o kò lè rí i. Ìwé ABD ni wọ́n ń tẹ̀, àti ìwé orin ìjọ, àti ìwé àdúà àwọn Mùsùlùmí, àti kàlẹ́ńdà. Wọn kì í ta á ní ilé ìtàwé. Àwọn èèyàn tó ń kiri ìwé ní gárééjì àti lójú ọjà ló máa ń wá kó o láràárọ̀. Ẹnu ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Ìbejì ti gbọ́ nípa bàbá, obìnrin oníwèé kan tó gbé ọmọ wá síléèwòsàn.

Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ dọ̀tí." Wọ́n fi àga fún wa, wọ́n ránni ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Wọn ò ka ìwé wa lójú wa, wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì fẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmú fífún títí dé orí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ ń dún gbàgà-gbàgà nínú yàrá kejì, bàbá wá fa àga wọn súnmọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́. Èmi ń wo ara ògiri. Kàlẹ́ńdà ìjọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ àwòrán ẹgbẹ́ akọrin sí. Ojú gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, eyín nìkan ni mo rí. Mo fi ẹsẹ̀ tọ́ Ìyá Ìbejì lábẹ́ tábìlì, ó gbá ẹsẹ̀ mi padà, kò dánu dúró.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ṣé ẹ mọ àdúrà àgbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ, wọ́n dé orí ọkọ, wọ́n dé orí ilé tí a ò tíì kọ́. A ń ṣe àmín. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn yìí fẹ́ jọ ṣe kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín! Wọ́n ní ìwé náà á jáde. Àmín! Wọ́n ní orí ẹ̀rọ yìí ni yóò ti jáde, bébà kò ní ká mọ́ ọn nínú. Àmín o! Ẹnu tó ti mọ́ àmín lára, kí o tó rò ó wò, ó ti jáde. A fi ẹ̀dà iṣẹ́ wa àti àdírẹ́sì ilé mi sílẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, a dúpẹ́, a jáde lọ wọ takisí.

Nínú takisí, mo rẹ́rìn-ín àwọn akọrin náà títí dé Mọ́kọ́lá. Ìyá Ìbejì kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán."

Mo ní, "Ìwọ náà! Ṣé gbígbọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀wé ni?"

Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ọ̀gá Bódìjà ránṣẹ́ sí wa. Ó ní òun gbà. Ó ti ní ìyàwó olówó kan lọ́kàn tí àwòrán rẹ̀ máa wà níwájú. Ó ní òun fẹ́ lọ sí Èkó, tí òun bá dé, kí a wá buwọ́ lu ìwé àdéhùn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí i mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kí àna. Iléyà kò tíì dé, a ti rí atẹ̀wé! Ìyá Ìbejì ní "Ó dáa," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni bàbá Ring Road kan ilẹ̀kùn mi ní Agbowó. Mò ń fọṣọ. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, òun ń bá mi dá àwọn ọmọ lẹ́kun. Mo sáré nu ọwọ́, mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn. Àdúrà ni mo rò pé wọ́n tún wá gbà. Ńṣe ni wọ́n tú àpò wọn, wọ́n sì tẹ́ bébà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ wa ni! Ọ̀rọ̀ tí èmi kọ, tí Ìyá Ìbejì sọ, wọ́n ti fi lẹ́tà òjé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tò ó, wọ́n ti tẹ ojú ewé mélòó kan kí a lè wo àṣìṣe inú rẹ̀.

Ojú mi ṣú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ni."

"Nígbà wo, sà?"

"Ọjọ́ tí ẹ wá. Mo gbàdúrà pé orí ẹ̀rọ mi ni iṣẹ́ yìí yóò ti jáde, ẹ̀yin méjèèjì ṣe àmín. Ìwọ gan-an lo pariwo jù."

Ìyá Ìbejì wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á. Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹni tí àgbà máa gbàdúrà fún tí kò ní ṣe àmín. Ọmọlúàbí ni. Kì í ṣe ìwé àdéhùn."

Wọn ò bínú. Ìbá tiẹ̀ sàn fún mi kí wọ́n bínú. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí àwọn ti dá dúró nìyẹn. Oníbàárà á wá, á sọ ohun tó fẹ́, àwọn á gbàdúrà sí i, ó á ṣe àmín, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì dá a lójú máa ń sọ pé, "Alàgbà, ẹ jẹ́ n lọ rò ó ná," kí àwọn tó la ẹnu. Kò sí ẹni tó bínú sí irú wọn rí. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ sọ pé kì í ṣe àdéhùn. Kí wá ni o ń ṣe àmín sí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ọ̀gá Bódìjà, nípa ìwé tó ń dán, nípa ọkọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, bí wọ́n ṣe gbọ́ ti Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní tí a bá fẹ́ gba àmín wa padà, kí a wá sọ fún àwọn ní Ring Road, àwọn á tú lẹ́tà náà ká. Wọ́n fi bébà náà sílẹ̀, wọ́n lọ.

Wọn ò tíì dé ìsàlẹ̀ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Èmi ò lè gba àmín mi padà o. Mo ṣe é tọkàntọkàn."

Mo ní, "Wàá gbà á padà! Ṣé o fẹ́ kí ojú ọmọ ọlọ́mọ dúdú bí ti àwọn akọrin yẹn ni?"

"Ọmọ wo? Lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ní Bódìjà, ṣé ọmọ tiẹ̀ máa wà níwájú ni? Ìyàwó olówó ló máa wà níbẹ̀. Ìwọ lo fẹ́ kó máa dán, Tíṣà. Èmi fẹ́ kó dé Apete."

"Ìwọ tí ojú rẹ ti wà ní Sáúdí, ṣé o tiẹ̀ bìkítà?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ kan tí kò nílò kíká. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí a wá atẹ̀wé kí Iléyà tó dé. A ti rí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pàápàá. Kí lo tún fẹ́?"

Gbólóhùn yẹn ló mú mi. Ọ̀gá Bódìjà ṣì wà ní Èkó, a kò mọ ọjọ́ tó máa dé, a kò mọ bóyá ìyàwó olówó máa yọ̀ǹda àwòrán. Bàbá ti to lẹ́tà. Tí a bá gba ti bàbá, ọ̀rọ̀ Sáúdí parí lónìí, ọ̀rẹ́ mi kò lọ mọ́. Kí ni mo ń fi bébà tó ń dán ṣe? Mo ní, "Ó dáa. Ti bàbá ni ká ṣe." Ó dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó tú mi sílẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Mo lọ dá ọ̀gá Bódìjà lóhùn fúnra mi nígbà tó dé. Ó fi òyìnbó sọ fún mi pé a kò mọ ohun tí à ń wá. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn pé a mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Inú mi ń dùn, mo ra ọsàn lọ́nà, mo bó o jẹ nínú takisí, ẹni tó jókòó tì mí ń wò mí.

Ọjọ́ tí a lọ parí gbogbo rẹ̀ ní Ring Road, Iléyà ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àwọn èèyàn ń fa àgbò kọjá lójú títì. Bàbá ti tẹ gbogbo ojú ewé. Àwòrán ọmọ wà níwájú, ó dúdú díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn á mọ̀ pé ọmọ ni, á sì mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. A wo àṣìṣe, a tún un ṣe. Ó wá ku ojú ewé tó kẹ́yìn. Bàbá mú bírò, wọ́n ní ohun kan wà tí àwọn kì í fi du ìwé kankan tó bá ti ọwọ́ àwọn jáde: ibi tí wọ́n ti lè rí ẹni tó ni ín. Wọ́n ní ìwé tí èèyàn ń rà lójú ọ̀nà, ẹni tó rà á máa ń fẹ́ mọ ilé tó ti wá, pàápàá irú èyí. Wọ́n yíjú sí Ìyá Ìbejì.

"Àwọn ìyá ọmọ á wá, ìyá. Kì í ṣe Tíṣà ni wọ́n á fẹ́ rí, nọ́ọ̀sì ni. Ibo ni kí n ní wọ́n ti máa rí ọ?"

Ọ̀rẹ́ mi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ inú yàrá kejì ń dún. Ó ní, "Ẹ kọ ilé Tíṣà síbẹ̀, sà."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Ilé mi kẹ̀? Èmi tí n kò lè wo abẹ́rẹ́ lójú? Àbí ilé ìwòsàn yín ti wọ́ lọ ni?" Mo wá wo ojú rẹ̀.

Mo ní, "O ti dá àwọn ará Sáúdí lóhùn."

Ó ní, "Mo ti dá wọn lóhùn."

"Nígbà wo?"

"Kí ọ̀gá Bódìjà tó ránṣẹ́ sí wa."

Ẹ gbà mí! Mo dìde, àga ṣubú lẹ́yìn mi. Mo gbàgbé pé àgbà wà níbẹ̀, mo gbàgbé pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́. Mo ní, "O ní tí a bá rí atẹ̀wé, o ò lọ mọ́! Ẹnu rẹ yìí lo fi sọ ọ́!"

Ó ní, "Mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà, ìbejì ni mo bí, kì í ṣe ọmọ kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá tún wá atẹ̀wé?"

Ó mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ. Ká ní mo mọ̀ pé ó ń lọ, ilé ni ǹ bá jókòó sí, ǹ bá ká gbogbo bébà yẹn jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní òun fẹ́ fi ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní jẹ́ kó kú, kí òun tó lọ. Inú bí mi sí i, inú mi sì bàjẹ́. Mo gbé àga náà dìde, mo jókòó sí i, nítorí n ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Bàbá kò gbàdúrà. Wọ́n kàn dúró kí a sunkún tán. Lẹ́yìn náà wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kí n kọ ọ́?"

Mo wo ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lórí bébà náà. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́, sà."

Kí ó tó lọ, ó mú mi jókòó sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá ti iléèwé dé. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ka ìmí ọmọ, bí a ṣe ń fọwọ́ kan àwùjẹ̀ orí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá omi ara rẹ̀ ti gbẹ, irú ikọ́ tí mo lè dúró tì àti irú èyí tí mo gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n sáré gbé lọ sí ọsibítù. Bí mo bá ṣì í, á gbá mi lọ́wọ́. A kò sọ̀rọ̀ Sáúdí. Ọjọ́ tó lọ, mo sìn ín dé gárééjì, mo bá a gbé àpò, a sì jà lórí ibi tí àpò máa wà nínú mọ́tò.

Ìwé ìròyìn náà jáde. Àwọn oníwèé kó o lọ sí gárééjì, wọ́n kó o lọ sí ojú ọjà, n ò sì rí ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ ní ilé ìtàwé kankan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá jẹ́ ọmọdébìnrin kan tí kò tíì ju ẹni tí mo lè máa kọ́ ní iléèwé lọ. Ó pọn ọmọ, ó mú ìwé náà lọ́wọ́, ó ti ká a sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Láti Apete ló ti wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ibí ni ilé nọ́ọ̀sì."

Mo ní nọ́ọ̀sì ti rìnrìn àjò.

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wú ikọ́. Ó ní, "Ṣé wọn ò ní pẹ́ dé, mà?"

Mo ní wọ́n máa pẹ́. Mo ní kó wọlé, kó tú ọmọ náà sílẹ̀, kí n wò ó.